Ìwé Tí Mo Ní Ó Ti Jóná

Adájọ́ mi,

Ìwé ìtàn tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo sọ fún ọ pé mo ti jù sínú iná ààrò, kò jóná. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ pé kí ìkíni ṣáájú, kí àdúrà tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó wá wọlé. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rí, mo sì ti fà á ya. Bí mo bá ti kí ọ tán, tí mo gbàdúrà, tí mo ròyìn adìyẹ àti orúnkún ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ á ti máa dùn mọ́ mi lẹ́nu, màá sì dágbére fún ọ láìjẹ́wọ́ ohunkóhun. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀bi mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni bọ́ bàtà, kí n tó wọlé.

Ó dáa, mo ti wọlé báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ń kọ́? Iṣẹ́ ń kọ́? Kíníyẹn ń kọ́, ọmọ ọmọ mi tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ nígbà tí o kéré, tí o máa ń sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò ní gbàgbé ilé rẹ. O kò ní fi ọwọ́ ọ̀tún gbà kí o fi tòsì sọ nù. Ìrọ̀lẹ́ rẹ á tura ju òwúrọ̀ rẹ lọ. Àmín.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kìkì pé ó ń fi í mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ báyìí, ó sì máa ń bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò jiyàn. Orúnkún ló máa ń borí. Adìyẹ funfun yẹn ti sọ fìlà mi àtijọ́ di ilé, ó ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Mo fẹ́ gba fìlà mi, ìyá rẹ ní n kò gbọdọ̀ dán an wò, ó ní nǹkan tí mo ti gbà lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ láyé mi ti tó. Nígbà tó sọ ọ́, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, màá sì sọ fún ọ tí a bá débẹ̀.

Fóònù ńlá tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Obìnrin aránṣọ tó ń gbé ní ojúlé kejì sí wa, tó kó dé lẹ́yìn tí o lọ, ló ń kọ́ mi bí wọ́n ti ń lò ó. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Òun ló sọ fún mi pé odindi ọgọ́rùn-ún ìwé ni o kó sínú fóònù náà. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́. Àánú rẹ ṣe mí. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ yìí jẹ, nítorí pé ọgọ́rùn-ún ìwé, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwé ẹlẹ́yìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò lè fúyẹ́ bí ọṣẹ ìfọṣọ. O mọ̀ pé n kì í gba nǹkan gbọ́ láì wọ̀n ọ́n. Mo gbé e tọ alápatà lọ, mo ní kó fi í sórí òṣùwọ̀n. Ó wọ̀n ọ́n. Mo ní kí Abẹ́rẹ́ yọ gbogbo ìwé inú rẹ̀ kúrò ká lè wọn awọ rẹ̀ lásán. Ó yọ wọ́n. Alápatà tún un wọ̀n, iye kan náà ló tún jẹ́! Gbogbo àwọn tó wá ra ẹran ti yí wa ká nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i dájú pé òṣùwọ̀n alápatà kò péye, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ sókè kí ará ìlú lè gbọ́. Ó ní òun kò ní bá ọ̀gá ilé ìwé jiyàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, egungun ló pọ̀ jù nínú ẹran tó ń tà fún mi. Bí o bá mọ ẹnì kan nínú ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, fi tó o létí, ṣùgbọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́, nítorí eyín mi.

Abẹ́rẹ́ ti dá àwọn ìwé náà padà sínú rẹ̀, mo sì ti ń ka ọ̀kan. Ó dára, àmọ́ kò ní sùúrù. Bí mo bá dánu dúró díẹ̀ láti ro ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, á pa ojú dé. Màá bẹ̀ ẹ́, màá fi ìka tọ́ ọ léjìká, á tún la ojú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò ní sùúrù fún ọmọ tó bá ń ronú pẹ́, nítorí náà mo gbà pé ẹ̀san ni, n kò sì ráhùn.

Báńkì tí owó ìfẹ̀yìntì mi ń gbà wọlé ní kí n kọ fọ́ọ̀mù kan lórí fóònù. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọjọ́ ìbí mi, ó wá bi mí bóyá ènìyàn ni mí. Mo rò pé mo ṣì í kà. Mo pe Abẹ́rẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni mí. Wọ́n wá kó àwòrán kéékèèké síwájú mi, wọ́n ní kí n fọwọ́ kan gbogbo èyí tí igi wà nínú rẹ̀. Èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ewé kan ṣoṣo ló yọjú ní igun rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ṣé ewé ni igi? Ó ní, Bàbá, ẹ sáà tẹ̀ ẹ́. Mo ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìdá kan kì í ṣe odindi, n kò ní yí ẹ̀kọ́ padà nítorí báńkì. N kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní mo ti kùnà. Ìyá rẹ, tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní òun náà ti ń fura sí i tipẹ́ pé n kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo kùnà tán, fọ́ọ̀mù yẹn kò bú mi, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní kí n tún gbìyànjú. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ títí.

Mo ń rìn yí ọ̀rọ̀ ká, àbí? Jẹ́ kí n bọ́ síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí o wà níbi iṣẹ́, Kíníyẹn pè mí láti orí fóònù bàbá rẹ̀. Mo gbé fóònù sétí kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, ó sì ń pariwo pé, Bàbá àgbà, inú etí yín ni mò ń rí o, ó ti hu irun! Mo gbé e kúrò létí. Mo sọ fún un pé mo ti mú ìtàn kan sílẹ̀ tí mo máa kà fún un. Ó ní rárá, ẹ ṣeun sà, òun ti fi ìwé kíkà sílẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ní òun ti fi tábà sílẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun kùnà nínú ìṣirò, màmá òun wá gba ìwé tí òun fẹ́ràn jù, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní o sọ fún òun pé kí òun máa dúpẹ́, pé tìẹ ni bàbá rẹ dáná sun, òun ló sì sọ ọ́ di ènìyàn. Ó wá bi mí pé, Bàbá àgbà, ṣé ìwé máa ń dún tó bá ń jóná?

Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa: nǹkan tí wọ́n bá lè gbà lọ́wọ́ èèyàn, kò dáa kéèyàn fẹ́ràn ẹ̀. Ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù tán ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo gbọ́ tó ń pe bàbá rẹ̀, ó ní dádì, ẹ wá wo Bàbá àgbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti mú wọn dúró gbagidi. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára lọ́jọ́ náà.

O kò mọ ju apá kan lọ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, nítorí náà gbọ́ ìyókù. Mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, èmi náà ni mo sì ń kọ́ kíláàsì yín ní ìṣirò. Alábẹ̀wò kan dé, ọkùnrin gíga tí ẹnikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí. Mo fẹ́ ṣe fọ́ńté lójú rẹ̀, mo sọ fún un pé ọmọ mi ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, kó bi í ní ohunkóhun tó bá wù ú. Ó bi ọ́ ní ìsọdipúpọ̀ kan tí kò le rárá. O dìde, o wò ó tàánútàánú, o sì sọ fún un pé kó jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, pé ọmọ atukọ̀ ti dé àárín odò, kùrukùru ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹnì kan sì ń pe orúkọ rẹ̀ láti òdìkejì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù, pé ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín rí wá rẹ́rìn-ín nílé ìwé tèmi. Mo na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì rẹ, mo gba ìwé ìtàn tí o ti ń jí kà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, o wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. O kò ní kí n dá a padà. O ní kí n sáà jẹ́ kí o ka ojú ewé díẹ̀ tó kù, pé tí o bá ti kà á tán, kí n máa mú un lọ. Mo ní mo ti sun ún. O kò sunkún. O kàn bi mí bóyá ọmọ atukọ̀ ti gúnlẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

N kò gbàgbé ìbéèrè yẹn. Ọmọ rẹ wá mú un wá láti ibòmíràn, ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi. Ẹni bíni là á jọ.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo gbé ìwé náà dé ìdí ààrò lóòótọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ojú ewé àkọ́kọ́, kí n lè mọ irú pàǹtírí tí mo fẹ́ sun. Ìyá rẹ ké sí mi láti ìta pé kí n fi igi kún iná. N kò gbọ́. Ó tún ké sí mi. Nígbà tó máa fi wọlé, iná ti kú, ẹ̀wà tó wà lórí rẹ̀ ti tutù, èmi sì ti dé ibi tí àìsàn ti dá atukọ̀ dùbúlẹ̀ tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń jí àjẹ̀ gbé kí ará ìlú má bàa mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa wa ọkọ̀. Ìyá rẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń yẹ ìṣirò wò.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jí i kà. Inú ìwé ìṣirò ńlá ni mo máa ń fi í pamọ́ sí lórí tábìlì mi nílé ìwé. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ìfẹ́ ìṣirò ló ń mú omi jáde lójú mi. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi, igbá kejì mi dìde, ó ní òun kò tíì rí ẹ̀dá tí ìdá ẹlẹ́mẹ̀ẹ́wàá ń wọ̀ lára tó báyẹn rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo tẹrí ba. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kí ló dé tí n kò dá a padà? Lákọ̀ọ́kọ́, n kò tíì kà á tán. Nígbà tí mo kà á tán, ojú wá ń tì mí. Ẹni tó ti ní nǹkan jóná, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e jáde láìsí eérú lára rẹ̀? Mo wá sọ fún ara mi pé nígbà tí o bá dàgbà. O dàgbà. Mo ní ó dìgbà tí o bá ṣègbéyàwó. O ṣègbéyàwó. Ìtìjú náà ń dàgbà bí o ti ń dàgbà, ó sì ga jù ọ́ lọ.

Ṣé o rántí pé o máa ń sọ ìparí ìtàn náà fún àwọn àbúrò rẹ? Ojoojúmọ́ ni ìparí tuntun. Lọ́jọ́ kan, ẹja ló ń pe orúkọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Lọ́jọ́ kan, o ní kò sẹ́ni tó pè é, etí rẹ̀ ló ń dún. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú ilé náà, ó sì ń ṣe mí bíi kí n ké pé rárá, kò rí bẹ́ẹ̀! Mo bu ètè jẹ. Nígbà tó yá, o kò sọ ọ́ mọ́. Àbúrò rẹ tó kéré jù bẹ̀ ọ́, o ní kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ilé wá dákẹ́. Mo pe ìdákẹ́jẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ rere, mo sì gba oríyìn fún un lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò.

O wá mọ ìṣirò lóòótọ́, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń gbé ìwé owó wọn fún ọ kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n gbọ́, Adájọ́: kì í ṣe ìwé tí mo gbà ló fún ọ ní ìyẹn. Ọpọlọ tìẹ ni, àti àìsùn tìẹ. Ohun tí ìwé gbígbà yẹn ṣe fún ọ ni mo rí nígbà tí mo wá sílé rẹ lọ́jọ́sí. Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́, mo ń wá nǹkan kà. Mo wo pálọ̀, mo wo yàrá, mo wo ilé ìdáná. N kò rí ìwé kan. Èyí tí mo rí nìkan ni ìwé tó bá ẹ̀rọ ìfọṣọ yín wá. Mo kà á dópin. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, pàápàá ibi tí omi ti kọ̀ tí kò wọlé, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ kò dùn, àdírẹ́sì ibi tí a ti lè lọ fẹjọ́ sùn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí o dé, o bi mí bóyá ilé sú mi. Mo ní rárá. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó máa ń ní kí alábẹ̀wò ní sùúrù kí òun fi dé òdìkejì odò, ilé rẹ̀ wá ṣófo bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí Kíníyẹn ti pè mí, mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ. Mo fi àga sún mọ́ ọn, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní ohun kan wà tí mo ti fi pamọ́ fún un. Ó ní ṣé ìwé ọmọ atukọ̀ ni? Ẹnu yà mí. Ó ní ta ni mo rò pé ó ń nu eruku ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá? Mo bi í bóyá ó ti kà á. Ó ní rárá o, olè kan tó ilé kan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá sọ fún ọ. Ó ní kì í ṣe òun ló gbà á, òun kò sì lè bá mi ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá nu ojú, ó ní kí n gbé kálàmù. Bí irọ́ bá ti lọ láti ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òtítọ́ ti ń bá a gbé inú ilé kan náà, tó ń fi àkísà nù ún.

Abẹ́rẹ́ ní kò yẹ kí n dààmú awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó bá mi gbé ìwé náà lọ, kí n fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo fi fóònù há inú ìwé náà, mo pa á dé, mo gbé òkúta lé e kó lè wọlé dáadáa, mo sì lọ jẹun. Kò wọlé. Abẹ́rẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní àwòrán ni kí n máa yà, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì. Mo ya orí kìíní, àtàǹpàkò mi hàn nínú gbogbo rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ. O kò rí i gbà, nítorí pé onígáàsì tó ń ta gáàsì ìdáná fún wa ni mo ṣèèṣì fi í ránṣẹ́ sí. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró níwájú ilé wa. Mo rò pé owó gáàsì ló wá béèrè, mo ní ìyá rẹ ti san án. Ó ní kì í ṣe ìyẹn, ó ní orí kejì dà.

Ọkùnrin yẹn, láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé, orúkọ oníbàárà nìkan ló ń kà. Ó jókòó sí ìloro wa, mo ka orí kejì fún un. Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ tó ń rán wá. Ìyá rẹ ní òun kò gbọ́, ẹ̀fọ́ lòun ń já, ṣùgbọ́n ó já ewé kan náà títí mo fi kà á tán. Alápatà wá, ó ní òṣùwọ̀n lòun wá bá mi sọ, ó sì jókòó. Bí a ti ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀. Wọ́n ń jà. Abẹ́rẹ́ ní ọmọ náà gọ̀, kó ké pe aládùúgbò. Onígáàsì ní ṣé aládùúgbò ló máa bá a wa ọkọ̀ ni? Alápatà ní bàbá ọmọ náà ló fa gbogbo rẹ̀, ó ń fi ìgbéraga ṣàìsàn. Kò wò mí nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù wò mí.

A wá dé àárín odò. Kùrukùru bolẹ̀. Ohùn kan pe orúkọ ọmọ náà láti òdìkejì. Mo ṣí ojú ewé, mo sì rí etí rẹ̀ tí o ká sílẹ̀ nígbà tí alábẹ̀wò pè ọ́ dìde. Láti ìgbà yẹn, mo ti ka ìwé yìí ju bí mo ti lè sọ lọ, ṣùgbọ́n n kò tú ìká yẹn rí. Màá ká ọwọ́ mi yí i, màá sì kọjá. Mo kúkú pa ìwé náà dé. Mo ní, ẹ jọ̀wọ́, mi ò lè ka èyí tó kù fún yín kí ẹni tó ni ín tó kà á.

Ọmọ mi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí. Onígáàsì ní òun kò ní ta gáàsì fún wa mọ́ títí òun á fi mọ ẹni tó pe ọmọ yẹn. Abẹ́rẹ́ ní ṣòkòtò mi tó wà lọ́dọ̀ òun kò ní rí ẹsẹ̀ kejì. Alápatà kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí jù. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún ọ lókè yìí fún wọn. Onígáàsì ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló tún ń dá mi dúró? Kí n fi ránṣẹ́ kíákíá! Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ṣe rọra kà á, nítorí àwọn ń dúró dè é.

Nítorí náà, màá fi ìwé náà rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo fi ìdajì èèpo ìwé ìṣirò ńlá yẹn bò ó, kó lè rí aṣọ wọ̀. Nǹkan méjì ni mo bẹ̀ ọ́. Gun àga, gbé ìwé Kíníyẹn sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí o fi lé e lọ́wọ́ kí o tó ṣí tìẹ. Má ṣe ní kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ìṣirò, ní kó máa pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ilé ìwé, a ó jọ máa ṣe é, mo ti ń kọ́ sùúrù lọ́dọ̀ fọ́ọ̀mù báńkì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ ka ti ọmọ atukọ̀ pọ̀. Bó bá bi ọ́ bóyá ìwé máa ń dún tó bá ń jóná, sọ fún un pé bàbá rẹ kò mọ̀, nítorí pé kò sun ìwé kankan rí.

Ní ti owó, o mọ̀ pé lẹ́tà òbí kò lè parí láìsí i. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún gáàsì, nítorí onígáàsì ṣì di ọkàn rẹ̀ le, ibi tó jìnnà la ó ti lọ rà á. Ìyá rẹ náà fẹ́ awò ojú. Ó ní òun fẹ́ fi ka ìwé náà fúnra òun tó bá padà wá, pé òun kò gba ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí, má ṣe yá owó. Orúnkún àti rédíò á tó wa.

Ojú rẹ á máa rí ire. Ohun tó bá tọ́ sí ọ, kò sẹ́ni tó tún máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi. Ọmọ rẹ á fẹ́ràn nǹkan láìbẹ̀rù. Ilé rẹ á kún fún ariwo ẹni tó ń jiyàn lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Adájọ́, nítorí pé bí àwọn àbúrò rẹ bá jà, ẹni tó gbà ni o máa ń ní kó dá a padà, o kì í bi í ní ìdí. N kò mú ìdí kankan wá. Ìwé rẹ nìyí. Etí ewé náà ṣì wà ní kíká bí o ti fi í sílẹ̀. Ọmọ atukọ̀ wà láàárín odò, ohùn yẹn ṣì ń pè é. Tú u, kí o máa wa ọkọ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ.